Ìdérí Tó Sọnù

"Ta ló máa mú Eudis?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ló béèrè, àwọn yòókù sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní ìlú San Cristóbal, àwọn ọmọ ń pín ẹgbẹ́ láti fi igi ìgbálẹ̀ gbá ìdérí kẹ́ẹ̀gì omi bíi bọ́ọ̀lù, bí wọ́n ti máa ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́. Eudis nìkan ló máa ń ṣẹ́ kù, nítorí awò ojú rẹ̀ tó nípọn bí ìdí ìgò. Wilkin, olórí ẹgbẹ́ kìíní àti ọ̀gá nínú jíju ìdérí, ló sọ ọ́ ní Ọ̀pọ̀lọ́.

Lónìí, Eudis kò yà sílé. "Ẹ jẹ́ kí n gbá ẹyọ kan péré. Bí mo bá tàsé, mi ò ní bẹ̀ yín mọ́."

"Ọ̀pọ̀lọ́ fẹ́ fò!" Wilkin ju ìdérí, ó ń yí bí òòyì. Eudis fi gbogbo ara gbá a. Ìdérí ròkè lálá, oòrùn bo gbogbo wọn lójú.

Wọ́n wo orí òrùlé, wọ́n wo inú gọ́tà, wọn ò rí i.

"Ìdérí tó bá sọnù, a kì í kà á," ni Wilkin wí. "Máa lọ sílé, jàre."

Eudis wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Yarisa, olórí ẹgbẹ́ kejì, wo ibi tí Eudis ń wò, ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ di ikùn mú.

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?" ni Wilkin béèrè.

"Eudis ti di tèmi!" ni Yarisa kígbe. "Wilkin, jọ̀ọ́, má mi orí o!"

Ìdérí ti jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú irun Wilkin tó ga gègèrè, bí ẹyin nínú ìtẹ́.