Ohun Tí Raonaid Sọ fún Torcuil

Ọ̀sẹ̀ Oúnjẹ Olúwa gan-an ni àìsàn Torcuil apẹja wá le, nígbà tí àlejò kún gbogbo erékùṣù Lewis. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí òun àti Raonaid, ìyàwó rẹ̀, ti jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti débẹ̀ ni wọ́n ń pínyà. Raonaid á lọ síwájú síbi Tábìlì Olúwa, Torcuil á jókòó sẹ́yìn, torí kò dá a lójú pé Ọlọ́run yan òun. Lọ́dọ̀ tiwọn, àwọn àyànfẹ́ nìkan ni Jésù kú fún, kì í ṣe gbogbo ayé. Ẹni tó bá sì ń yangàn pé òun wà lára wọn, òun gan-an ni wọ́n ń fura sí. Ẹ wo ìdààmú! Ọkùnrin tí kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ rí, ẹ̀rù wá sọ ọ́ di ọmọdé lórí ibùsùn.

"Raonaid, ṣé Ó kú fún mi?"

"Ọlọ́run ló mọ̀."

"Èmi ò bi Ọlọ́run. Ìwọ ni mò ń bi."

"Torcuil, má fi mí sínú ẹ̀ṣẹ̀. Àlùfáà gan-an ò lè sọ ìyẹn."

"Ṣé àlùfáà ló ń fọ ṣòkòtò olóòórùn ẹja mi ni?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ò jẹ́. "Ìwọ lo mọ̀ mí. Jọ̀ọ́, sọ fún mi kí n máa lọ."

Àánú rẹ̀ ṣe Raonaid débi pé kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó tẹ̀ sí i létí.

"Ó kú fún ọ, Torcuil. Mo fi orúkọ Olúwa sọ ọ́. Ó dá mi lójú."

Ara ọkùnrin náà rọ̀ wọ̀ọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti lọ.

Wọ́n sin ín ní Sátidé. Àlùfáà gbàdúrà fún àwọn tó wà láàyè, kò dárúkọ Torcuil rárá, torí wọn kì í gbàdúrà fún òkú níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pe àwọn tó ń jẹ Oúnjẹ Olúwa síwájú. Raonaid ò dìde. Alàgbà Murdo sọ̀ kalẹ̀ wá bá a.

"Raonaid, wọ́n ti ń kọrin. Ó yá, dìde."

"Mi ò lè wá, alàgbà. Mo fi orúkọ Olúwa búra fún Torcuil lórí ohun tí mi ò mọ̀."

Murdo mí kanlẹ̀. "Àánú ọkọ ẹ ló ṣe ọ́. Ṣáà ronú pìwà dà, kó o máa bọ̀."

"Ìyẹn gan-an ni mi ò lè ṣe. Tí mo bá ronú pìwà dà, á jẹ́ pé irọ́ ni mo pa fún un."

Alàgbà padà síwájú. Ẹ̀rù ń ba Raonaid gidigidi, torí òun náà gbà pé ẹni tó bá kọ̀ láti ronú pìwà dà kò sí lára àwọn tí Kristi kú fún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín búrẹ́dì, ó sì jókòó síbẹ̀.