Àbá Òfin Ilé Ìtọ̀

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Desmond Thirkettle fi ṣojú ìlú Thornsea ní Ilé Aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì sí òfin kan ṣoṣo tó lè nàka sí pé òun lòun ṣe é. Wọ́n fi í ṣe igbákejì mínísítà ọ̀rọ̀ ẹja rí. Oṣù méje ló lò níbẹ̀ kó tó lọ sọ lórí rédíò pé òun kì í jẹ ẹja. Àwọn apẹja ló ṣe ìyókù.

Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ni pípa àbá òfin. Ọjọ́ Ẹtì ni Ilé máa ń gbọ́ àbá tí aṣòfin kọ̀ọ̀kan bá mú wá fúnra rẹ̀. Tí aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán bá lù, tí ẹnì kan ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí àbá kan, àbá náà kú nìyẹn. Ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ kì í fẹ́ kí aráyé rí i pé wọ́n dìbò tako ohun tó dáa, nítorí náà Desmond ni wọ́n máa ń rán. Á dìde, á tún táì ṣe, á sì bẹ̀rẹ̀ látorí bàbá bàbá rẹ̀ títí aago á fi lù. Ìtàn ẹyẹlé ló fi pa àbá oúnjẹ ọ̀sán ọmọ iléèwé tí Bronwen Pugh, obìnrin ará Wales kan nínú ẹgbẹ́ kejì, fi ọdún mẹ́ta ṣe wàhálà lé lórí. Wọ́n tilẹ̀ fi oyè dá Desmond lọ́lá fún iṣẹ́ tó ṣe fún ìlú. Iṣẹ́ wo ni, a ò tíì mọ̀.

Hester ìyàwó rẹ̀ kò dá sí i, títí di ìgbà òtútù tó kọjá. Ìjọba ìbílẹ̀ ti fi àgádágodo ti ilé ìtọ̀ tó wà ní ibùdókọ̀ Thornsea pa. Bọ́ọ̀sì pẹ́. Hester, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tọ̀ sára níwájú àwọn tó ń kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó délé, ó fọ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó dun Desmond wọ akínyẹmí ara.

"Màá ṣòfin ẹ," ó ní. "Kò níí sí ibùdókọ̀ kankan nílẹ̀ yìí tí wọ́n á tún ti ilé ìtọ̀ pa."

"Sọ̀rọ̀ díẹ̀ o, Desmond. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n."

Wọ́n ṣẹ́ kèké ní Ilé lọ́dún náà láti mọ àwọn tí wọ́n á gbọ́ àbá wọn, orúkọ Desmond sì jáde. Nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé, Hester wá láti Thornsea, ó jókòó sókè níbi tí ará ìlú ti ń wòran. Ẹ̀rù Bronwen ló ń ba Desmond. Ó lọ bá a níbi tí wọ́n ti ń mu tíì.

"Bronwen, ṣé o ò níí gbẹ̀san?"

"Bàbá, màmá tèmi náà ń wọ bọ́ọ̀sì. Tẹ́ ẹ bá ti parí ọ̀rọ̀ yín, ẹ ṣáà jókòó. Ẹnikẹ́ni ò níí sọ̀rọ̀ lẹ́yìn yín, àbá yín á sì wọlé."

"Ìyẹn nìkan? Ta ni ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó?"

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló dìde. Ó sọ ti àgádágodo, ó sọ ti òtútù, ó sọ ti arúgbó tí ojú ń tì. Ọkùnrin kan tiẹ̀ nu ojú. Ká ní ó jókòó nígbà náà ni, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ṣùgbọ́n ó rántí pé bàbá bàbá òun wà lára àwọn tó kọ́ ibùdókọ̀ náà. Láti ibẹ̀ ó dé orí òrùlé rẹ̀, orí òrùlé sì ni àwọn ẹyẹlé wà.

Bronwen fọwọ́ ṣe é pé kó jókòó. Desmond rò pé ó ń yìn ín ni, ó tẹrí ba fún un. Àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀ pariwo, "Jókòó!" Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ẹgbẹ́ kejì ti ń pariwo bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn, kò sì sí ìgbà tí kì í tẹ̀ síwájú. Nígbà tó di méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, Hester dìde lókè, ó jáde. Desmond rò pé ẹkún ló gbé e jáde, ó bá tún fi kún un. Ilé ìtọ̀ ni Hester ń wá lọ.

"Ẹyẹlé yìí, Olórí Ilé..."

"Ó tó," Olórí Ilé wí. Aago méjì ààbọ̀ ti lù.

Ẹnu ọ̀nà ni Bronwen ti pàdé Desmond. "Mo ti rí yín tẹ́ ẹ pa tọmọ ọlọ́mọ, bàbá. Mi ò mọ̀ pé ẹ lè pa tara yín."

Desmond àti Hester wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé ibùdókọ̀ Thornsea, àgádágodo ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀. Èèyàn mẹ́ta ń dúró de bọ́ọ̀sì. Hester wo àgádágodo, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìn ògiri lọ. Desmond tẹ̀ lé e, ó bọ́ kóòtù ńlá rẹ̀, ó fi ṣe aṣọ ìkélé, ó sì yí ojú sẹ́yìn.

"Desmond, máa sọ̀rọ̀. Wọ́n á gbọ́ mi."

Ó lanu. Ó wá bàbá bàbá rẹ̀ títí, ó wá ẹyẹlé. Ọ̀rọ̀ kankan ò jáde. Ojú tì í, àánú ìyàwó rẹ̀ sì ṣe é. Ìró omi nìkan ni gbogbo wọn ń gbọ́.

"Tó bá ṣe pé ọ̀sán lo ti dákẹ́ báyìí ni," Hester wí lẹ́yìn kóòtù.