Ọ̀fun Jael

Àlùmọ́gàjí ni nọ́ọ̀sì fi gé apá ẹ̀wù Àrínọlá, nítorí ọwọ́ náà ti wú débi pé aṣọ kò ṣeé bọ́ mọ́. Nígbà tí aṣọ ṣí, Adéníran ọkọ rẹ̀ gbójú kúrò. Láti àtàǹpàkò dé ìgbúnwọ́, ara ìyàwó rẹ̀ ti ṣú bí aró.

"Abẹ́rẹ́ lásán ni," ni ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá. "Abẹ́rẹ́ lásán ló gún un."

Onídìrí ni Àrínọlá ní Mushin. Níbi tó ti ń rán irun mọ́ oníbàárà kan lórí ni abẹ́rẹ́ ti gún un ní àtàǹpàkò ọ̀tún. Ó fi aṣọ nu ẹ̀jẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó ní ọwọ́ ń ro òun. Adéníran yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí ju ojú pínníṣín tó pọ́n díẹ̀. Ó lọ ra oògùn ìrora ní kẹ́míìsì. Ṣùgbọ́n ìrora náà ju egbò lọ. Obìnrin tí kò sunkún nígbà tó ń rọbí ń fi eyín di aṣọ ìrọ̀rí mú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ara rẹ̀ gbóná bí iná, ó ń bì, ó sì ń fi orúkọ ẹlòmíràn pe ìyá rẹ̀ tó jókòó tì í. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn ní Ìdí-Àràbà.

Dókítà Olúdayọ̀ kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, oorun kò sì tíì kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kòkòrò àìfojúrí ló gba ojú abẹ́rẹ́ yẹn wọlé. Ó ń pa ẹran ara wọn lábẹ́ awọ, ó sì ń da májèlé sínú ẹ̀jẹ̀. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń wálẹ̀, kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. A ti ń fún wọn lóògùn, ṣùgbọ́n oògùn kì í dé inú ẹran tó ti kú. Tí a kò bá gé ọwọ́ yẹn báyìí, a ó pàdánù wọn."

"Ọwọ́ tó fi ń ṣiṣẹ́ ni."

"Mo mọ̀, sà."

Adéníran gbà. Wọ́n ti ibùsùn náà lọ, ilẹ̀kùn sì padé.

Ìyá Àrínọlá ká ọwọ́ lérí. Ìyá ìjọ ni, kì í sọ ọ̀rọ̀ nù. "Bàbá Jael, ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ẹnìkan nínú. Ibi kan ni nǹkan yìí ti bá ọmọ mi. Bó pẹ́ bó yá, màá mọ ẹni náà, mi ò sì ní dárí jì í títí wọ́n á fi gbé mi sin."

Oòrùn ti kan àtàrí kí dókítà tó jáde. Àrínọlá wà láàyè. Ẹ̀rọ ló ń bá a mí, ewu kò sì tíì kọjá. Ìyá àgbà wólẹ̀, ó ń yin Ọlọ́run.

"Ìbéèrè kan, Ẹ̀gbọ́n," ni dókítà wí. "Ṣé ọ̀fun dun ẹnikẹ́ni nínú ilé yín láìpẹ́ yìí? Irú kòkòrò yìí náà máa ń gbé inú ọ̀fun. Ọ̀pọ̀ èèyàn, ibà díẹ̀ ló máa ń ṣe wọ́n, á sì lọ."

Ọkàn Adéníran lọ sílé. Ó rí Jael, ọmọ wọn ọmọ ọdún mẹ́fà, lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí kò lè gbé itọ́ mì. Ó rí Àrínọlá tó ń fún un ní ògì, tó ń fi àtàǹpàkò nu ẹnu rẹ̀. Àtàǹpàkò ọ̀tún.

Ìyá àgbà ti gbórí sókè. Ojú rẹ̀ wà lára Adéníran.

"Rárá," ni Adéníran wí. "Kò sí."

Dókítà mirí. "Ó dáa. Ká ní ó wà ni, à bá tètè fún ẹni náà lóògùn." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Adéníran jókòó. Ó gbìyànjú láti gbàdúrà, ṣùgbọ́n ọwọ́ Jael ló ń rí, ọwọ́ kékeré náà, tó ṣú bí aró. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó dìde.

"Màmá, ẹ jẹ́ n lọ ra omi."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ló ti bá dókítà. "Irọ́ ni mo pa. Ọmọ mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìyá rẹ̀ àgbà gbọ́."

Olúdayọ̀ wò ó pẹ́. "Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibẹ̀ ló ti wá. Ó lè jẹ́ lára oníbàárà kan. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ ibẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ."

"Mo mọ̀."

"Ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n, Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí jẹ́jẹ́. Ó kọ oògùn fún un, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ lónìí, kó sì mú ọmọ náà wá lọ́la.

Oògùn náà wà lápò rẹ̀ nígbà tó dé Mushin. Ọ̀dọ̀ Aneesah aládùúgbò ni Jael wà. Ó sáré wá dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Kí wọ́n tó wọ yàrá, fóònù dún. Ìyá àgbà ni.

"Bàbá Jael, wọ́n ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń gòkè. Wọ́n ní ó ń gbìyànjú." Ó sunkún díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì le padà. "Ṣùgbọ́n mo ṣì ń wá ẹni yẹn o."

Adéníran gbé Jael jókòó sórí ibùsùn, ó bu oògùn sínú ṣíbí.

"Dádì, ọ̀fun mi ò dùn mí mọ́. Mọ́mì ni ara wọn ò yá. Kí ló dé tí ẹ fi ń fún mi lóògùn?"

"Kó má baà tún padà wá ni."

Ọmọ náà ro ó. "Ṣé ohun tó ṣe mí yẹn náà ló ń ṣe Mọ́mì?"

"Rárá," ni ó wí.

Ó yà á lẹ́nu pé èyí rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Jael la ẹnu gbàgà, ó gbẹ́kẹ̀ lé e pátápátá. Adéníran tẹ̀ síwájú, ó wo inú ọ̀fun náà nínú ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọmọ náà gbé oògùn mì, ó gbójú sókè wò ó bóyá bàbá òun fẹ́ sọ nǹkan sí i. Adéníran sì mọ̀ pé yóò tún bèèrè, lọ́jọ́ tó bá dàgbà tó láti ka ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn fúnra rẹ̀, àti pé kò ní sí ẹlòmíràn nínú yàrá tí òun lè tìtorí rẹ̀ purọ́.