Ta Ló Ń Fọwọ́ Kan Ọkọ̀ Florent?

Àárọ̀ ọjọ́ tí Florent fẹ́ lọ wo oko kọfí rẹ̀ lọ́nà Akparé ni jíìpù rẹ̀ kọ̀, tí kò ṣiṣẹ́. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì kò tilẹ̀ wúkọ́. Ó tún yí i, pàbó ló já sí. Jacqueline ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́.

"Bàbá Luc, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn," ni obìnrin náà wí. "Oko kò ní sá lọ."

Luc ni àkọ́bí wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Lomé. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú ilé wọn ní Atakpamé báyìí. Florent tún yí kọ́kọ́rọ́ náà. Igbó ìjọba ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣọ́ kó tó fẹ̀yìn tì, irú jíìpù bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fa ló sì ń wà gun òkè, tó fi ń la odò kọjá. Kò lè gbà kí tòkunbọ̀ kan dá òun jókòó sílé. Ló bá pe Múdàṣírù.

Mẹkáníìkì ni Múdàṣírù, ẹ̀bá ọjà ló ti ń ṣiṣẹ́. Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá ṣòwò, Atakpamé ni wọ́n bí òun sí. Ó gun alùpùpù dé, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò pẹ́ tó fi rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ wò ó. Wáyà ló yọ lórí bátìrì."

Florent tẹ orí wò ó. "Mo ti rí i," ni ó wí.

Múdàṣírù wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé e lé orí wáyà náà. Èyí bí Florent nínú. Àbí kí ló dé tí ọkùnrin yìí ń fà á lọ́wọ́ bí ọmọ jẹ́léósinmi? Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Wọ́n de wáyà náà pinpin, ọkọ̀ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wàhálà tún fi dé. Kamina ni Florent ń lọ lọ́jọ́ náà, wọ́n ń sìnkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ẹ́ńjìnì dún dáadáa, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò tíì dé ẹnu géètì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta kúlúkúlú, tó sì kú. Múdàṣírù tún dé. Ó fi àtàǹpàkò tẹ pọ́ńpù kékeré tó wà lórí asẹ́ epo, ó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Bó ti ń tẹ̀ ẹ́ ni ìfófòó ń tú jáde létí ìdè páìpù epo kan.

"Afẹ́fẹ́ ló bá epo wọlé," ni ó wí. "Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì kò sì lè mu afẹ́fẹ́. Ìdè orí asẹ́ yìí ló tú." Ó dì í, ó tẹ pọ́ńpù títí ó fi le, ó wá dìde. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Bàbá, ìdè yìí kì í tú fúnra rẹ̀ tó báyìí. Ta ló ń bá yín fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí?"

Ọ̀rọ̀ náà ta Florent létí. Ta ló ń fọwọ́ kàn án bí kò ṣe ìwọ? Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ Múdàṣírù. Bí mẹkáníìkì náà bá ń súfèé, yóò ní inú rẹ̀ ń dùn sí ibi tó ṣe. Bó bá dákẹ́, yóò ní ó ń gbèrò òmíràn ni.

Ìgbà tí ọkọ̀ tún kọ̀, tí ẹ́ńjìnì ń yí ṣùgbọ́n tí iná kò ràn, Múdàṣírù bá wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń rọ̀ dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ńpù ńlá. Wáyà náà ló ń jẹ́ kí epo ráyè kọjá sínú ẹ́ńjìnì. Bó ti ń tì í padà ni Florent bú jáde.

"Ọkọ̀ yìí kò bàjẹ́ lójú ọ̀nà rí! Ilé ló máa ń bàjẹ́ sí, lẹ́yìn tí ìwọ bá ti fọwọ́ kàn án. O ń tú u kí n lè máa pè ọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Múdàṣírù kó sípánà rẹ̀ sínú àpò láìwo ojú rẹ̀. "Ẹ kò ṣe èyí tó dára sí mi, Bàbá. Mi ò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ọgbà yín." Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Florent mú òwú ìránṣọ nínú àpótí Jacqueline, ó so ó mọ́ etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì so orí kejì mọ́ irin iwájú ọkọ̀. Ọwọ́ ló fi ń wá ibi tí yóò ta kókó sí, nítorí òwú náà tín-ín-rín ju ohun tí ojú rẹ̀ lè mú. Ó ní oòrùn tó ń wọ̀ ló fà á. Ó ti géètì fúnra rẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, géètì ṣì wà ní títì. Ó fi ìka wá òwú náà níwájú ọkọ̀. Ó ti já.

Ìta kọ́ ni ọ̀tá ti wá. Ó padà sínú ilé, ó jókòó sídìí tábìlì, Jacqueline sì gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá síwájú rẹ̀. Bó ti ń gba ife náà ni òórùn kan kọlu imú rẹ̀. Ọṣẹ ló kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni epo dísẹ́ẹ̀lì, láti ìka ọwọ́ ìyàwó rẹ̀.

Ó gbé ife náà kalẹ̀. Kò sì lè mu ẹ̀kọ náà. Gbogbo òwúrọ̀ yẹn ló fi ń rò ó síwá sẹ́yìn. Ta ni Jacqueline ń ṣiṣẹ́ fún? Ṣé Luc ló fẹ́ gba ọkọ̀ ni? Àbí nítorí Élisabeth, opó tó ń bá òun sá kọfí ní Akparé ni? Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì lè ti sọ ìsọkúsọ sí i létí. Ó tún rántí pé òun gan-an ló kọ́ ọ níṣẹ́ yìí. Nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí ọkọ̀ ìjọba bá kú fún wọn nínú igbó, Jacqueline ló máa ń tẹ pọ́ńpù epo nígbà tí òun bá ń tú ìdè.

Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó pè é síta.

"Ìyá Luc, ìwọ lò ń tú ọkọ̀ mi."

Obìnrin náà kò sẹ́. Ó fa àga, ó jókòó.

"Ṣé nítorí Élisabeth ni?"

"Élisabeth wo?" Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ṣùgbọ́n omijé ló jáde. "Bàbá Luc, ẹ rántí ọjọ́ tí a jọ ti oko bọ̀, ní oríta Akparé? Ọmọbìnrin kan ru abọ́ máńgòrò. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yín ló gbá abọ́ náà, ọmọ náà ṣubú sínú gọ́tà. Ẹ kò dúró. Ẹ yíjú sí mi, ẹ bi mí pé kí ló dún."

Florent fa àga tirẹ̀, òun náà jókòó.

"Ẹ̀rù bà mí débi pé mo ní òkúta ni," ni Jacqueline wí. "Ọjọ́ kejì ni mo gun alùpùpù akérò padà lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló rọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, mo sì ṣì ń lọ wò ó. Mo ti bẹ̀ yín pé kí ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ojú, ẹ bínú sí mi. Kí ni ǹ bá ṣe?"

"Irọ́ ni!" Florent dìde. "Ojú mi kò ṣe nǹkan kan. Lọ dá ohun tí o yọ padà sáyè rẹ̀!"

Jacqueline dìde lórí àga. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ pọ́ńpù náà padà, ó sì kúrò lójú ọ̀nà.

Ọkọ̀ ṣiṣẹ́ bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Florent wà á jáde, ó kọrí sí ọ̀nà Kamina, ẹ̀rọ náà ń dún geere lábẹ́ rẹ̀. Níwájú, ó rí obìnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ sétí títì, ó wọ aṣọ funfun. Ó tẹ fèrè ọkọ̀. Obìnrin náà kò mira. Florent dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń bínú lọ bá a. Àpò funfun tó kún fún èédú ni, tí wọ́n gbé síta fún títà, tí wọ́n fi ewé dí lẹ́nu.

Kò tíì kúrò níbẹ̀ tí alùpùpù kan fi yà fẹ̀ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èrò ẹ̀yìn rẹ̀ kígbe mọ́ ọn, "Ẹ ò ríran ni?" Florent gbọ́ ohùn náà kedere. Kò rí alùpùpù náà rárá, àfi ìgbà tó ti kọjá lọ jìnnà.

Ó padà sínú ọkọ̀. Ó pa ẹ́ńjìnì, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fẹsẹ̀ rìn padà sílé. Jacqueline wà lẹ́nu géètì. Florent na kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Bá mi pe Múdàṣírù."

Múdàṣírù wá, ṣùgbọ́n ìdúró rẹ̀ jọ ti ẹni tí kò fẹ́ pẹ́. "Kí ló tún ṣe ọkọ̀ náà?"

"Kò sí ohun tó ṣe é. Ojú mi ni. Ìyá Luc ló ń tú ọkọ̀ náà kí n má bàa wà á. Mo fẹ̀sùn èké kàn ọ́, má bínú."

Mẹkáníìkì náà gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Bàbá, mo ti fura láti ọjọ́ wáyà bátìrì. Ẹ ní ẹ ti rí i, ibòmíràn lẹ sì ń wò. Ẹ̀rù yín ló bà mí tí mi ò fi sọ ọ́."

Dókítà ojú sọ fún wọn pé ti ọ̀tún ṣeé ṣiṣẹ́ abẹ fún, ti òsì kò ní padà mọ́. Múdàṣírù ló fi jíìpù náà gbé wọn lọ, òun náà ló ń gbé wọn bọ̀. Jacqueline jókòó níwájú, Florent wà lẹ́yìn, inú rẹ̀ kò dùn sí bí Múdàṣírù ṣe ń yí jíà. Nígbà tó yá, ó dẹ etí sílẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú ń kùn."

"Bàbá, kò sí nǹkan."

"Dúró."

Múdàṣírù kánjú dúró, ó fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ó dì í mú, ó mì í. Ẹsẹ̀ náà ń jó lọ́wọ́ rẹ̀, àárín rẹ̀ sì gbóná débi pé kò lè fọwọ́ lé e pẹ́. Béárìn, irin tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí geere, ti fẹ́ jẹ tán. Ó wojú Jacqueline.

"Ìyá, ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe èyí?"

"Èyí kò sí lọ́wọ́ mi o," ni Jacqueline dáhùn. Florent, tó ti sọ̀ kalẹ̀, tó ń fi ọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bọ̀, ní kí wọ́n sún fún òun, òun náà fẹ́ fọwọ́ kàn án wò.