Bàtà Tí Àmúdàtù Rà fún Ṣéhù

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú ni pé wọ́n ní kí n má fún Ṣéhù ní àkàrà mọ́. Ọmọ ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni, ọmọ Àlímọ̀t, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Òun ló ń fi ẹsẹ̀ gba iyì fún kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn lórí pápá Oníkan, èmi ni mo sì ń bu àkàrà fún un láràárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, ọdún tó ṣáájú èyí tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Èkó, olówó kan ra kẹ̀kẹ́ fún sárésáré kan kó lè kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ wá sí òmíràn. Ni ìgbìmọ̀ eré sísá bá ṣòfin: akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba owó, oúnjẹ, aṣọ tàbí bàtà lọ́wọ́ alátìlẹ́yìn kankan, kò ní sáré mọ́. Òbí tó bí i nìkan ló lè fún un ní nǹkan.

Nígbà tí Míṣítà Candido, alága ìgbìmọ̀ náà, ka òfin yìí sí wa létí ní ọgbà ilé ìwé, mo bi í pé ṣé èmi ìyàwó ilé Ṣéhù ti di àlejò ni.

Ó rẹ́rìn-ín. "Màdáámù, gbogbo èèyàn ni bàbá ọmọ ní Èkó yìí. Ẹni tó ra kẹ̀kẹ́ yẹn náà ní bàbá ọmọ lòun. Ìdí tí a fi kọ 'tó bí i' nìyẹn."

Mo rò ó, mo rí i pé ọkùnrin náà ò purọ́. Mo dá àkàrà dúró. Ṣéhù a kí mi láàárọ̀, ojú rẹ̀ a lọ síbi abọ́, èmi náà a gbójú sókè bí ẹni ń wo òjò.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n sá àṣekágbá ni Àmúdàtù gbé bàtà dé. Àbúrò Mọ̀núrù, ọkọ Àlímọ̀t tó ti dolóògbé, ni Àmúdàtù. Ó ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní páálí-páálí ní ọjà Òkè Àrin. Ọmọ ilé ni, nítorí náà àwa ìyàwó kì í pe orúkọ rẹ̀. Eyínfúnjowó là ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àlímọ̀t jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Kò bímọ kankan, tàbí bẹ́ẹ̀ ni èmi ṣe mọ̀.

Bàtà eré sísá gidi ni, ìṣó wà nídìí rẹ̀. Ojúde ló ti gbé e lé Ṣéhù lọ́wọ́, lọ́sàn-án gangan, níṣojú Jimoh aládùúgbò wa, tí ọmọ tirẹ̀ ń sáré fún kọ́lẹ́ẹ̀jì kejì.

Mo ní, "Eyínfúnjowó, òfin ńkọ́?"

Ó ní òfin yẹn ò kan òun. Mo rò pé owó ló ń gùn ún.

Jimoh ò fi falẹ̀, ó lọ fẹjọ́ sun ìgbìmọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe gbogbo wa sí yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Bàtà náà wà lórí tábìlì níwájú Candido, Ṣéhù dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màdáámù, ẹ̀yin lẹ ra bàtà yìí?"

"Èmi ni," Àmúdàtù dáhùn.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ bí i?"

Àmúdàtù wo Àlímọ̀t. Mo ṣe bí ó ń wá ẹni tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀ ni.

"Rárá," ó ní. "Àǹtí rẹ̀ ni mí."

Ojú Candido fà ro. Ó ní ó dun òun, nítorí òun ò tíì rí ẹlẹ́sẹ̀ bíi ti Ṣéhù rí, ṣùgbọ́n òfin ò mojú ẹnikẹ́ni. Ṣéhù ò ní sáré lọ́jọ́ Sátidé, kò sì ní sáré fún ilé ìwé kankan mọ́. Omi ń dà lójú ọmọ náà.

Ìgbà náà ni Àlímọ̀t dìde. "Ọ̀gá, ẹ má dá a lóhùn. Òun ló bí i."

Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Mo fà á láṣọ, ó gbọn ọwọ́ mi dànù.

"Ọ̀sẹ̀ kan náà la bímọ, èmi àti òun. Tèmi kú. Ọmọge ni òun nígbà náà, ẹni tó fún un lóyún sì ti bá ọkọ̀ òkun lọ. Ọkọ mi gbé ọmọ àbúrò rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní ká pa ẹnu mọ́. A sì pa á mọ́."

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi níyàwó wá sínú ilé yẹn ni mo ti ń bá àwọn méjèèjì jẹ nínú abọ́ kan, n kò fura rí. Àmúdàtù ti fi ìborùn bo ojú. Ṣéhù ń wo Àlímọ̀t ṣáá, kò wo ẹlòmíràn.

Candido mú gègé ìkọ̀wé rẹ̀. Ẹni tí òfin jẹ lógún ni ọkùnrin náà. Ó rọra ní, "Ìyá, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin kọ́ lẹ bí i. Ẹ máà bínú, ó di dandan kí n bi yín. Kí ni ẹ̀yin ti fún un?"

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ da íńkì rẹ̀ nù. Àlímọ̀t ò bínú ní tirẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ó ní. "Ọmú."

Candido ò kọ nǹkan kan. Ó gbé gègé sílẹ̀, ó ti bàtà náà sọ́dọ̀ Ṣéhù, ó ní ká máa lọ sílé.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ṣéhù wọ bàtà rẹ̀, ó sì fi gbogbo wọn sẹ́yìn. Jimoh fọwọ́ lẹ́rán. Nígbàkígbà tí ọmọ yìí bá gbégbá orókè, ọ̀dọ̀ Àlímọ̀t ló máa ń sáré wá tààrà láti wá dọ̀bálẹ̀. Àwa mẹ́ta la jókòó tẹ̀léra, èmi ni mo wà láàárín. Bó ṣe kọjú sí wa, Àlímọ̀t na ọwọ́ kọjá lẹ́yìn mi, ó fọwọ́ kan èjìká Àmúdàtù.

"Eyínfúnjowó, ẹ dìde. Ọmọ yín ń bọ̀."

Àmúdàtù ò dìde, ó kàn ń mirí. Ṣéhù dé iwájú wa, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì dúró. Nígbà tó yá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú mi, èmi tí mo fi àkàrà dù ú nítorí òfin.