Píìnì Tèmi Lọ́tọ̀

Ẹnu ni àwa aránṣọ máa ń há píìnì sí. Bí oníbàárà bá ń wọ aṣọ wò, a ó máa yọ ọ́ lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ṣẹ́kù, a ó gún un sára tìmùtìmù kan ṣoṣo tí gbogbo wa jọ ń lò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo bá píìnì díẹ̀ nínú ìdérí agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi. Mo rò pé ẹ̀bùn ni, òmùgọ̀ èmi.

"Ta ló ṣe mí lóore?"

Aránṣọ ẹgbẹ́ mi tí a ń pè ní Asọ̀rọ̀mágbèsì, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun pàápàá, tẹjú mọ́ aṣọ tó ń rán. Ta ni mo ṣẹ̀?

Màdáámù wa pè mí sí ẹ̀yìn kọ́tìnì.

"Wọ́n rí ẹ níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn HIV. Èmi ò bá ẹ jà o. Àmọ́ tí àwọn kọ́sítọ́mà bá gbọ́, ṣọ́ọ̀bù mi dà? Kó ẹrù ẹ lónìí, jọ̀ọ́."

Oògùn ọ̀hún, ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ojú ń tì í láti lọ, èmi ló máa ń rán. Ó ń lò ó déédéé, ara rẹ̀ le ju tèmi lọ, nọ́ọ̀sì sì ti là á fún wa pé píìnì ẹnu kò lè kó kòkòrò náà ran ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gba iṣẹ́ mi là. Bí mo bá sọ ọ́, mo tú àṣírí ọmọ ìyá mi. Bí mi ò bá sọ ọ́, mo di aláìníṣẹ́. Èwo ni ṣíṣe?

Ibi tí mo ti ń rò ó ni ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ti wọlé, ó wá wọ búláòsì tuntun wò. Màdáámù dì mọ́ ọn gbàgì, ó há píìnì sẹ́nu, ó sì ń sọ̀rọ̀ láàárín eyín.

"Àǹtí, ẹ kú ìfaradà àbúrò yín o. Wọ́n rí i níbi tó ti ń gba oògùn yẹn. Ẹ má jẹ́ kó máa lo abọ́ yín o."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mo ń retí. Inú ń bí mi, àánú rẹ̀ ń ṣe mí, mi ò mọ èyí tó ṣíwájú.

"Ẹ ṣé, mà," ló wí.

Mo kó ẹrù mi jáde. Ó tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Jọ̀ọ́, ṣé wàá ṣì lè bá mi gbà á lọ́jọ́bọ̀?"

Mo ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni kí n tó mọ̀ pé mo lanu.