Ife Mẹ́ta, Imú Kan

1.

…torí náà ojú dídì ni, ife mẹ́ta ni, imú kan ṣoṣo ni.

Wáìnì kan náà ló wà nínú méjì. Ẹ̀kẹta yàtọ̀. Ọmọ á fa òórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, á wá tọ́ka sí èyí tó yàtọ̀. Ìyá nìkan ló mọ̀ ọ́n, torí Ìyá ló bù ú, Ìyá náà ló sì fi kútẹ́ẹ̀sì pupa sàmì sí ìdí ife tó yàtọ̀ yẹn.

Bó bá tọ́, Ìyá á fa igi kan sínú ìwé. Bí kò bá tọ́, á kọ òdo.

Igi àti òdo. Ìwé tí Ìyá kà kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ, ó sì ń fi í ṣe fáàrí.

Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án lójúmọ́.


2.

ÀWỌN TÓ WÀ NÍLÉ

Ọmọ. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, nínú láàbù ilé-iṣẹ́ omi. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlélógójì, ṣùgbọ́n “ọmọ” ni Ìyá ń pè é, ẹ wá ẹni tó máa gba ìyẹn lẹ́nu Ìyá. Níbi iṣẹ́, Onímú ni wọ́n ń pè é, torí imú rẹ̀ máa ń gbọ́ ìpẹtà nínú omi kí ẹ̀rọ tó gbọ́ ọ.

Ìyá. Ìyá rẹ̀. Orin ló fi ń gbálẹ̀, orin ló fi ń wá bàtà.

Bàbá. Kò sí mọ́. Télọ̀ ni.

Ìgò kan. Ẹ ṣì máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.


3.

LÁTINÚ ÌWÉ ÌRÒYÌN, Ọjọ́bọ̀ kan, kí àìsàn tó dé

Wáìnì pupa, ọlọ́dún mẹ́fà.
Àwọ̀: àrán tí oòrùn ti pa díẹ̀.
Òórùn: pẹ́ńsù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Èso dúdú tí ẹnìkan tẹ̀ mọ́lẹ̀. Dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá: àpò awọ àtijọ́ kan yóò ṣí.
Lẹ́nu: ó kọ́kọ́ dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn náà ló fún mi lága.
Ìdájọ́: ẹ rà á, kí ẹ gbàgbé rẹ̀ fún ọdún méjì.
— Onímú

(Nígbà tí Ọmọ ka èyí sí Ìyá létí, Ìyá ní, “Ṣé ọtí lo ń kọ̀wé nípa rẹ̀ ni, àbí o ń fẹ́ ìyàwó?”)

Láti àárọ̀ di ọ̀sán, ohun tí kò yẹ kó wà nínú omi ni Ọmọ ń wá. Bó bá délé, ohun tó wà nínú wáìnì ló ń wá. Ó ní ìyẹn ni ìsinmi òun. Ìyá ní ìsinmi tí èèyàn ń fi ìwé mẹ́rìnlá ṣe, iṣẹ́ ni.


4.

Ikọ́ àti ibà, ọjọ́ mẹ́wàá. Ara yá. Gbogbo ilé dúpẹ́.

Ní ọjọ́ kọkànlá, Ìyá gbé ìkòkò kaná, ó bọ́ síta lọ ká aṣọ, ó bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ pẹ́. Ìgbà tó padà, èéfín ti gba ilé ìdáná. Ọmọ jókòó ti ìkòkò náà, ó kẹ̀yìn sí i, ó ń kàwé.

ÌYÁ: O ò gbọ́ òórùn ni?
ỌMỌ: Òórùn kí ni?
ÌYÁ: Ilé ń jó, o ń bi mí pé òórùn kí ni!
ỌMỌ: Màmá.
ÌYÁ: Gbé ìkòkò yẹn kúrò!
ỌMỌ: Màmá, òórùn kí ni?


5.

(Ojú ìwé yìí ti rin. Wáìnì ló dà sí i. Ẹ jẹ́ ká lọ.)


6.

OHUN TÍ DÓKÍTÀ IMÚ SỌ

Ó lè padà.
Ó lè má padà.
Ẹ máa fi oríṣiríṣi òórùn kọ́ ọ lójoojúmọ́.
Ẹ wá rí mi lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ìyá ní bó bá jẹ́ “ó lè, ó lè má” náà ni, òun náà ì bá ti gbé ẹ̀wù funfun wọ̀ láti ọjọ́ yìí.


7.

Ìgò náà nìyí.

Ọjọ́ tí Ọmọ gba oyè ọ̀mọ̀wé ni Bàbá rà á. Bàbá ò mu wáìnì rí láyé ẹ̀. Ó fi àjẹkù aṣọ kóòtù rán ẹ̀wù fún ìgò náà, ẹ̀wù tòótọ́, bọ́tìnnì mẹ́ta níwájú, àpò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú àpò yẹn ló fi ìwé sí:

    Ọmọ mi, wọ́n ní ó máa ń dàgbà nínú ìgò.
    Ìwọ náà dàgbà.
    Lọ́jọ́ tí o bá ṣí i, sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi.

Kò dúró gbọ́ ọ. Ọdún mọ́kànlá rèé.


8.

ÀTẸ̀JÍṢẸ́

ỌLỌ́TÍ (ẹni tó ń ta wáìnì fún Ọmọ): Onímú, mo ti wo fọ́tò ìgò yẹn. Kọ́ọ̀kì tó dí ẹnu rẹ̀ ń jò. Ọtí ti fi ìka kan lọ sílẹ̀. Ẹ ṣí i.
ỌMỌ: Ṣé kò lè dúró di oṣù mẹ́fà?
ỌLỌ́TÍ: Ọtí kíkan lẹ máa bá níbẹ̀. Ká sọ pé oṣù kan, ká má purọ́. Ẹ ṣí i, ẹ jọ̀ọ́, imú bíi tiyín!
ỌMỌ: Imú mi ò sí nílé.
ỌLỌ́TÍ: 😂😂😂


9.

ÒFIN. Ọmọ ló kọ ọ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.

Ẹni tí kò gbọ́ òórùn rárá, tó kàn ń méfò, á gba mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án.
Bí mo bá gba méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀léra, n ó ṣí ìgò Bàbá.
Bí n kò bá gbà á kí oṣù tó parí, Ọlọ́tí ni n ó fún. Kí ẹni tó nímú gbọ́ ọ.
N kò ní ṣí i láìgbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń ṣí ìgò.
Lójoojúmọ́, n ó fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ọtí dé lára ìgò ìdánwò méjèèjì, n ó sì kọ ọ́ sínú ìwé mi, bí a ṣe ń ṣe ní láàbù.

Màmá ni adájọ́.


10.

Ọjọ́ kìíní      I O O I O O O I O
Ọjọ́ kejì       O O I O O O O I O
Ọjọ́ kẹta      O I O O I O O O I
Ọjọ́ kẹrin     O O O O I O I O O
Ọjọ́ karùn-ún  I O O O O I O I O
Ọjọ́ kẹfà      O O O I O O O O O


11.

Ìyá kò fẹ́ràn òdo tẹ́lẹ̀. Ó ní òdo dà bí ẹnu tó là tí kò rí nǹkan jẹ.


12.

ORIN ÌDÁNÁ

    Imú yẹn lọ ìrìn àjò,
        imú, padà wálé.
    Etí ń bi wá, ojú ń wọ̀nà,
        imú, padà wálé.
    Ẹnu jókòó, kò fẹ́ jẹun,
        imú, padà wálé.

Ìyá ló ń lé e, Ìyá náà ló ń gbè é. Tẹ́lẹ̀, Ọmọ ló máa ń gbè.


13.

FÓÒNÙ LÓ GBA OHÙN WỌN SÍLẸ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án.

ÌYÁ: Ó yá. Ife dé.
ỌMỌ: (ó fa òórùn) … (ó fa òórùn) … (ó fa òórùn)
ỌMỌ: Ti àárín.
ÌYÁ: (ó gbé ife, ife dún)
ỌMỌ: Màmá?
ÌYÁ: Mo ń wo ìdí rẹ̀, má kán mi lójú. Ojú àgbà ni.
ỌMỌ: Òdo ni. Ẹ kàn kọ ọ́ síbẹ̀. Omi ni gbogbo ẹ̀ jọ létí imú mi. Omi, omi, omi. Ibi iṣẹ́ ni mo wà.
ÌYÁ: Ta ló sọ pé òdo ni? Ó tọ́!
ỌMỌ: Ó tọ́?
ÌYÁ: Ó tọ́, ó tún tọ́. Wo kútẹ́ẹ̀sì bó ṣe ń dán nídìí ẹ̀.
ỌMỌ: Mo di ojú, Màmá.
ÌYÁ: Mo gbàgbé. Ó ń dán.
ỌMỌ: (ó rẹ́rìn-ín)


14.

Ìdí ife apá ọ̀tún ni kútẹ́ẹ̀sì wà.


15.

Ẹ má bínú sí Ìyá. Ọ̀sẹ̀ méje ni kò ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Ó dà bí ẹni pé aṣọ kan tó ti wá káàkiri ilé ló ṣàdédé bá níbi ìsáṣọ. Ta ló máa rí irú ẹ̀ tí kò ní mú un?

Kó tó di alẹ́, ó ti ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹyọ kan péré ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti ní méjì ò burú.

Ọjọ́ kẹsàn-án    I O O O I O I O I
Ọjọ́ kẹwàá       O I I O I O O I I
Ọjọ́ kọkànlá    I I O I O I I O I
Ọjọ́ kejìlá      I I O I I I O I I
Ọjọ́ kẹtàlá     I I I I O I I I I
Ọjọ́ kẹrìnlá    I O I I I I I I I

Kò jẹ́ kó pé mẹ́sàn-án. Ó ní kò dáa kí irọ́ yó jù.


16.

Ní ọjọ́ kẹtàlá, ọwọ́ Ìyá lọ bá ìgò kejì. Ó sinmi lé e. Ó padà.

Kí lòun tún ń bu ìgò méjì fún? “Ó tọ́” náà ni ẹnu òun máa sọ. Ó bu ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti inú ìgò kan ṣoṣo. Ọmọ fa òórùn wọn tọkàntọkàn, iwájú orí rẹ̀ hunjọ, ó sì yan èyí tó yàtọ̀.

Ìyá fa igi. Igi náà wọ́.


17.

ÌKÉDE, nínú ìwé ìròyìn

Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ń béèrè Onímú: ara rẹ̀ ti yá. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni yóò padà sójú ewé yìí, pẹ̀lú ìgò kan tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀.
— Olóòtú


18.

Ọjọ́ kẹrìnlá, lẹ́yìn ife tó kẹ́yìn. Fóònù ṣì ń gba ohùn.

ÌYÁ: Ọmọ mi. Ìgò yẹn. Ṣé kò lè dúró díẹ̀ sí i?
ỌMỌ: Ọlọ́tí ní kò lè dúró.
ÌYÁ: Ṣé kí a kúkú fún Ọlọ́tí ọ̀hún?
ỌMỌ: Lẹ́yìn méje, mẹ́jọ, mẹ́jọ? Èsì rèé, Màmá. Ọwọ́ yín ló kọ ọ́.
ÌYÁ: Ọwọ́ mi ni.
ỌMỌ: Ẹ fẹ́ sọ nǹkan.
ÌYÁ: Mi ò fẹ́ sọ nǹkan kan.
ỌMỌ: Ẹ ti la ẹnu.
ÌYÁ: Orin ni mo fẹ́ kọ.
ỌMỌ: Ẹ kọ ọ́ nígbà náà.


19.

Bí ó bá sọ ọ́: ẹ̀rín yẹn á kú, ìgò á lọ.
Bí kò bá sọ ọ́: ìgò á ṣí, ẹ̀rín yẹn á kú.
Bí wọ́n bá dúró: kọ́ọ̀kì ń jò.

Ìyá ka èyí lórí ìka rẹ̀ títí. Ìka mẹ́wàá ló ní, kò sí ọ̀kan tó gbà á sílẹ̀.


20.

Ọ̀sán Àìkú. Oòrùn jókòó sórí tábìlì bí àlejò.

Ọmọ kò di ojú. Ó tú bọ́tìnnì kìíní lára ẹ̀wù ìgò. Ó tú ìkejì. Ìkẹta ò fẹ́ tú, ó ní, “Bàbá, ẹ ṣàánú mi,” ó tú u. Ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó ká a, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ.

Kọ́ọ̀kì dá sí méjì. Ó fi sùúrù yọ ìyókù. Ó dà á.

Òórùn náà kò dúró kí wọ́n pè é. Àga tí Ìyá wà jìnnà sí tábìlì, ó bá a níbẹ̀:

ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sí aṣọ
epo ẹ̀rọ ìránṣọ
aṣọ kóòtù tí áyọ́ọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ẹ̀
òjò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù
ọrùn ọkùnrin kan, nírọ̀lẹ́

Ìyá gbìyànjú láti ti ojú ara rẹ̀ pa bí ẹni ń ti fèrèsé. Ojú ò gbà. Omi ti gba ibẹ̀ jáde.

Ọmọ tẹrí sí ife. Ó fa òórùn. Ó gbé orí sókè. Ó tún fà á, ó pẹ́ níbẹ̀, ó pẹ́ gan-an.

Ojú Ìyá ló ń wò.


21.

ỌMỌ: Ṣọ́ọ̀bù Bàbá ni.
ÌYÁ: Hẹ̀n?
ỌMỌ: Ṣọ́ọ̀bù Bàbá ló wà nínú ẹ̀. Àbí?
ÌYÁ: (ó fi etí ìró nu ojú)
ỌMỌ: Ẹ jẹ́ kí n lọ mú ife tiyín wá.


22.

Ìwé Ọmọ ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì. Ìyá fi ìka tọ̀ ọ́, lẹ́tà dé lẹ́tà, bó ṣe máa ń kàwé:

ọ - jọ́   kẹ - tà - lá
ì - gò   kan   ṣo - ṣo   ló   dín   kù

Ó tún un kà. Bóyá òun ò mọ̀ ọ́n kà dáadáa ni.

Ó mọ̀ ọ́n kà.


23.

Ife ń dún ní ilé ìdáná. Ohùn kan ń bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, jẹ́jẹ́, ó ń gbè:

        imú, padà wálé

kò sì sẹ́ni tó lé e.


24.

ỌMỌ: Màmá, ẹ gba ife. Ẹ mú ìwé yín. Ẹ ò tíì kọ èsì tòní.
ÌYÁ: Kí ni kí n kọ?
ỌMỌ: Ẹ̀yin ni adájọ́.
ÌYÁ: Ọmọ mi, ṣé o gbọ́ ọ?
ỌMỌ: Ẹ̀yin ni adájọ́, Màmá.

Ìyá mú pẹ́ńsù.


25.

Ọjọ́ ìgò